Ọkọ̀ fáíbà láti Igbókòdá sí Ayétòrò: ohun tí mo rí nínú ọdún kan àtààbọ̀

Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n oṣù kan kì í kọjá kí n má lọ sí agbègbè olómi Ìlàjẹ, nítorí pé ẹja yíyan àti edé ni ìyàwó mi ń tà ní Ọjà Ọba, èmi sì ni mo máa ń lọ ra ọjà náà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń pa á àti àwọn tí ó ń yan án. Bí mo bá kúrò nílé ní ìdájí, mo máa ń gba Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa kọjá títí n ó fi dé Igbókòdá, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Èbúté tí ó wà níbẹ̀ ni ìrìn orí ilẹ̀ mi máa ń parí sí. Láti ibẹ̀ dé Ayétòrò, orí omi ni. Ó ti tó ọdún kan àtààbọ̀ báyìí tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ kan náà ni mo ti ń wọkọ̀, àlọ àti àbọ̀, nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, mo sì gbà pé mo ti mọ iṣẹ́ wọn tó láti sọ èyí tí ó dára níbẹ̀ àti èyí tí kò dára fún ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé mo ní ẹ̀dùn ọkàn kan sí wọn, ẹ̀dùn ọkàn náà kò sì mọ sọ́dọ̀ wọn nìkan; púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń gbé èrò lórí omi wa ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní. Méjì jẹ́ fáíbà, ìjókòó mẹ́fà ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èrò mẹ́ta-mẹ́ta sì ni ó ń jókòó lórí ìjókòó kan. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọkọ̀ pákó gígùn tí ó ń kó sìmẹ́ńtì, gààrí, púpurú, yìnyín àwọn apẹja àti kẹ́ẹ̀gì epo. Fáíbà fúyẹ́, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá sì ti ta kìjí, orí ọkọ̀ náà yóò gbé sókè, kò ní máa la omi kọjá mọ́, orí omi ni yóò máa yọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń yá, ìdí náà sì nìyẹn tí ó fi ń gbá ni mọ́ ìjókòó nígbà tí omi bá ru. Ọkọ̀ pákó kì í yá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì kì í tètè gbé e jó. Mo ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ẹrù mi pọ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ nínú rẹ̀ ju bí ó ti balẹ̀ nínú fáíbà lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà mí ní wákàtí mẹ́ta.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó ń tún ọkọ̀ pákó náà ṣe létí èbúté fi hàn mí bí wọ́n ti ń fi òwú dí àárín pákó, tí wọ́n ń fi ìrin pẹlẹbẹ gbá a wọlé díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní òpèpè ni òun fi ṣe abẹ́ ọkọ̀ náà, nítorí pé omi kì í tètè jẹ ẹ́. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń ronú nípa igi yìí, nítorí pé orúkọ Yorùbá tí a sọ ọ́ gan-an ni àwọn oníṣòwò igi ní ilẹ̀ Yúróòpù ń pè é títí di òní, wọ́n sì ń fi í ṣe òpó èbúté àti ìdènà etí omi lọ́dọ̀ tiwọn. Igi igbó wa ń ṣiṣẹ́ lójú òkun àwọn ẹlòmíràn.

Ohun tí ó mú kí n dúró tì wọ́n ni awakọ̀ àgbà wọn. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ọmọ Ìlàjẹ ni, Kápútẹ́nì ni gbogbo èbúté ń pè é, èmi sì ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ ọkọ̀ rẹ̀, gbogbo wa ti jókòó, àwọn kan sì ti ń kùn pé kí a máa lọ. Ó fa ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sábẹ́ okùn omi tín-ín-rín kan tí ó ń tú jáde lára ẹ́ńjìnnì náà. Ó tẹ́ ẹ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wo omi ọwọ́ rẹ̀, ó tún tẹ́ ẹ. Ìgbà yẹn ni ó tó dìde tí ó ní kí wọ́n tú okùn. Ìyá kan tí ó jókòó níwájú mi sọ pé, "Ọmọ mi, kí lo ń wò?" Ó dá a lóhùn pé, "Màmá, ìtọ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Bí kò bá tọ̀, a ò lọ."

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó lóye ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ní rédíétọ̀ bíi ti mọ́tò. Omi tí ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀ gan-an ni ó ń fà láti fi tu ara rẹ̀ lára. Pọ́ǹpù kékeré kan wà nísàlẹ̀, lókè pòròpẹ́là, tí abẹ̀bẹ̀ rọ́bà wà nínú rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ yìí ni ó ń ti omi gòkè lọ yí irin gbígbóná ká, díẹ̀ nínú omi náà a sì máa tú jáde ní ẹ̀gbẹ́ kí awakọ̀ lè rí i. Bí okùn omi náà bá tín-ín-rín ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí ó gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, ó túmọ̀ sí pé rọ́bà ti jẹ, tàbí pé iyanrìn, koríko tàbí ọ̀rá ti dí ojú ibi tí ó ti ń fa omi. Awakọ̀ tí kò bá wò ó kò ní mọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi nọ́ọ̀kì láàárín omi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ kí n tó wo ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún.

Ẹ́ńjìnnì Yamaha ni ó wà lẹ́yìn fáíbà méjèèjì, irú èyí tí ó ń lo epo tí wọ́n ti po ọ́ìlì mọ́. Bí wọ́n ti ń po epo náà wà lára ohun tí ó yẹ kí n yìn wọ́n fún. Irú ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ibi tí ọ́ìlì ń gbé lọ́tọ̀. Inú pẹtiróòlù ni ọ́ìlì rẹ̀ ń bá wọlé, lítà ọ́ìlì kan sí lítà epo 50 sì ni ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kúrò ní tuntun. Bí ọ́ìlì bá kéré, irin yóò máa ha irin. Bí ó bá pọ̀ jù, èéfín yóò bo èrò, pílọ́ọ̀gì yóò sì dọ̀tí títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa húkọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, mo ti wọ ọkọ̀ àwọn mìíràn tí ó ń fi ojú díwọ̀n ọ́ìlì, tí wọ́n ń dín in kù nítorí owó. Àwọn tí mò ń sọ yìí ní ike kan tí wọ́n fa ìlà sí lára, mi ò sì tíì rí i kí ọmọ ọkọ̀ po epo láìlo ike náà. Bí wọ́n bá ti dé láti ẹnu òkun, wọ́n tún máa ń fi omi kànga fọ inú ẹ́ńjìnnì kí iyọ̀ má baà jẹ irin rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí ó ti rẹ ènìyàn tó lẹ́yìn ìrìn mẹ́rin lójúmọ́ yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ìfẹ́ ni ìyẹn.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣíwọ́ níbi ọ̀rọ̀ epo yìí: wọ́n máa ń bu epo sínú táǹkì nígbà tí èrò ti jókòó sínú ọkọ̀. Òórùn pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, abẹ́ ọkọ̀ ni ó máa ń sọ̀kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni yóò sì jókòó sí de ẹni tí yóò ṣáná. Kí wọ́n bu epo kí wọ́n tó pe èrò. Kò gba owó, kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Wọ́n mọ ẹrù í tò. Ní ọjọ́ ọjà, àwọn obìnrin máa ń gbé agbọ̀n edé wá, oníkálùkù sì fẹ́ kí agbọ̀n òun wà lẹ́sẹ̀ òun. Kápútẹ́nì kì í gbà. Ó máa ń kó ẹrù wíwúwo sí àárín, nísàlẹ̀, ó máa ń wo etí ọkọ̀ sí omi ní apá ọ̀tún àti apá òsì, bí apá kan bá sì rẹlẹ̀, yóò ní kí ẹni tí ó sanra jọ̀ọ́ sún sí òdìkejì, yóò sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá wa, ẹ bá mi gba ìhà ibí." Ọjọ́ kan wà tí ọkùnrin kan fẹ́ gbé ọ̀kadà rẹ̀ wọlé lórí ẹrù tí ó ti kún. Kápútẹ́nì dá owó rẹ̀ padà fún un. Ọkùnrin náà bínú, ó lọ wọ ọkọ̀ mìíràn, inú èmi sì dùn pé a kò jọ wọ̀ ọ́.

Lójú ọ̀nà, ọ̀nà omi náà fẹ̀ níbì kan, ó sì há níbì kan débi pé imọ̀ ọ̀pẹ ògùrọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí ènìyàn. Níbi tí ó há, apá ọ̀tún ni awakọ̀ wa máa ń gbà, gẹ́gẹ́ bí òfin ìrìn ọkọ̀ lójú omi tí gbogbo ayé fọwọ́ sí ní ọdún 1972 ti sọ pé kí ọkọ̀ máa ṣe ní ọ̀nà omi tóóró, ó sì máa ń fọn fèrè kí ó tó yí kọ́nà. Bí a bá pàdé ìyá àgbà tí ó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ lọ sí oko ẹja, ó máa ń dín eré kù jìnnà sí i, nítorí pé ìgbì tí fáíbà ń fi sẹ́yìn lè da irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nù. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í ṣe èyí. Mo ti rí ọmọdé méjì tí wọ́n ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ wọn tẹkúntẹkún lẹ́yìn tí fáíbà àwọn mìíràn kọjá lára wọn, wàrà ni wọ́n sì ń dìrọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi ẹ̀gbà kí ọkọ̀ wọn má baà yí. Ẹni tí ó ń sáré kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ojúoró àti òṣíbàtà ni àwọn baba wa mọ̀ lójú odò. Koríko líle tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, tí ó ń bo ọ̀nà omi wa báyìí, àlejò ni. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nínú omi Nàìjíríà, ní ìhà Àgbádárìgì. Ó máa ń wé mọ́ pòròpẹ́là, ó sì máa ń fi ọ̀rá omi tútù pamọ́ sínú ara rẹ̀. Òun ni ó dá wa dúró ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá. Awakọ̀ kékeré ni ó gbé wa lọ́jọ́ náà, Kápútẹ́nì kò sí níbẹ̀. Ó fẹ́ gba àárín koríko náà kọjá pẹ̀lú eré dípò kí ó yí i ká. Láìpẹ́, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, ó ń kérora, okùn omi tí mo ti sọ yẹn dáwọ́ dúró, èmi tí mo jókòó sẹ́yìn ni mo pariwo pé kí ó pa á. Ó pa á. A wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, òjò ń rọ̀, omi sì ń gbé wa lọ díẹ̀díẹ̀ sẹ́bàá igbó. Ọmọ ọkọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ó fi ọ̀bẹ gé koríko kúrò, ó sì fa ọ̀rá dúdú kan jáde níbi tí pọ́ǹpù ti ń fa omi, ọ̀rá náà ti lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá bí awọ ìlù.

Èmi kì í fi ìyẹn nìkan dá wọn lẹ́bi, nítorí pé kò sí ọkọ̀ tí kò lè bá koríko pàdé. Ohun tí mo wò ni ohun tí ó wà nínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú. Àjẹ̀ méjì wà níbẹ̀, ìdákọ̀ró kékeré wà pẹ̀lú okùn tí ó gùn tó, ike ìgbọ́nmi wà, pílọ́ọ̀gì àti abẹ̀bẹ̀ rọ́bà tuntun sì wà nínú àpótí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ọmọ ọkọ̀ ti ju ìdákọ̀ró kí ó tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bí a bá wà ní ẹnu òkun nígbà náà ni, ìdákọ̀ró yẹn ni ìbá yà wá kúrò lọ́wọ́ ìgbì. Nígbà tí Kápútẹ́nì gbọ́, ó yọ awakọ̀ kékeré náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà Ayétòrò fún oṣù kan, ó sì fi í sórí ọkọ̀ ẹrù kí ó lọ kọ́ sùúrù níbẹ̀.

Bí a bá ti ń sún mọ́ Ayétòrò ni iṣẹ́ awakọ̀ ń le. Etí òkun Ìlàjẹ kò rí bí ti Èkó. Ní Èkó, iyanrìn ni. Lọ́dọ̀ wa, láti Ayétòrò lọ sí ìhà Àwóyè, ẹrẹ̀ rírọ̀ ni etí òkun jẹ́, ẹrẹ̀ tí ó ń rì díẹ̀díẹ̀, tí kò sì ní ọwọ́ iyanrìn tí yóò gba ìgbì mọ́ra fún un. Omi ń kún, omi sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nǹkan bíi mítà kan péré ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kíkún àti fífà, ṣùgbọ́n lórí ẹrẹ̀ pẹrẹsẹ, mítà kan náà ni ó yàtọ̀ láàárín ọkọ̀ tí ó ń rìn àti ọkọ̀ tí ó jókòó pa. Àwọn tí mò ń sọ yìí máa ń ṣírò omi kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n ti dá mi dúró ní Igbókòdá fún wákàtí méjì rí pé omi ti fà, mo sì bínú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn náà ni a kọjá lára ọkọ̀ kan tí ó ti gbéra ṣáájú wa, tí ó jókòó sínú ẹrẹ̀, tí èrò inú rẹ̀ ń fi ìwé gba oòrùn lórí.

Ayétòrò fúnra rẹ̀ yẹ ní ìlú tí a ń fi ọ̀wọ̀ wọ̀. Àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1947, wọ́n gbé papọ̀, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ ń ná owó kan náà, Ìlú Aláyọ̀ sì ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n kan ọkọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú orí ilẹ̀ kò ní iṣẹ́ ọwọ́ kankan tí ó tó bẹ́ẹ̀. Òkun ti gba apá tí ó pọ̀ nínú ìlú náà lọ lójú àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀. Ìyá kan tí mo máa ń ra edé lọ́wọ́ rẹ̀ na ọwọ́ sí ojú òkun láti inú ọkọ̀, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni ilé ìdáná mi wà." Ìgbì ni mo rí níbẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ túmọ̀ sí fún ọlọ́kọ̀ ni pé òpó ilé àti òpó afárá pákó àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ omi náà, orí wọn kò sì hàn nígbà tí omi bá kún. Òpó kan ṣoṣo tó láti la abẹ́ fáíbà sí méjì. Kápútẹ́nì mọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi orúkọ onílé dá wọn mọ̀. Bí ó bá ń yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì níbi tí ojú wa rí bí omi gbalasa, ìgboro ìlú tí kò sí mọ́ ni ó ń rìn kọjá. N kò rò pé ẹ̀rọ kankan wà tí ó lè kọ́ àjèjì ní èyí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tí ó bá bi mí pé kí ó má ṣe wọ ọkọ̀ ẹni tí kì í ṣe ọmọ omi náà.

Ẹ̀dùn ọkàn mi ni ó kàn báyìí, láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ni. Ti àgbàlagbà wà nínú ọkọ̀ wọn, ó pé iye èrò, wọ́n sì máa ń ní kí oníkálùkù wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Lóòótọ́, bí a bá ti kúrò lójú àwọn tí ó ń ṣọ́ èbúté, àwọn èrò kan a máa tú u, wọ́n a ní ó ń mú àwọn lóoru, wọ́n a sì fi jókòó. Kápútẹ́nì máa ń bá wọn wí, àwọn awakọ̀ yòókù kì í sábà sọ̀rọ̀. Mo ti wo ara jákẹ́ẹ̀tì náà. Púpọ̀ nínú wọn ní nọ́ńbà 100 lára, èyí tí ó túmọ̀ sí pé agbára rẹ̀ tó láti gbé nǹkan bíi kílò 10 ró lójú omi, ó sì tó fún ọ̀nà omi abẹ́lé níbi tí omi kò bá ti ru gan-an. Díẹ̀ ní nọ́ńbà 50, irú èyí tí ó wà fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tí ìrànlọ́wọ́ sì wà nítòsí rẹ̀. Ìyẹn kò yẹ kí ó wà nínú ọkọ̀ èrò rárá. Fún ẹnu òkun, 150 ni ó yẹ. Oòrùn ti jẹ aṣọ mélòó kan nínú wọn débi pé ó ń fà ya bí a bá fi èékánná ha á, fóòmù inú rẹ̀ sì ti le. Ìwọ̀nyí yẹ fún ìyípadà, ṣùgbọ́n ti ọmọdé ni ó dùn mí jù.

Kò sí ti ọmọdé kankan. Ní oṣù kejì ọdún yìí, ìyá kan wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà fún ọmọ náà, wọ́n fa okùn rẹ̀ dé ìdí, síbẹ̀ ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà fi gòkè dé etí ọmọ náà, tí àgbọ̀n rẹ̀ sì wọ inú ọrùn rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà, mo fà á sókè jẹ́jẹ́, ó sì bọ́ lórí ọmọ náà láìdi ohunkóhun mú, bí ìgbà tí a ṣí ìdérí ìkòkò. Ohun tí omi yóò ṣe gan-an nìyẹn. Jákẹ́ẹ̀tì yóò léfòó, ọmọ yóò yọ́ jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ti ọmọdé fi máa ń ní okùn tí ó ń gba àárín itan kọjá, tí wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n kílò ọmọ tí ó lè wọ̀ ọ́ sí i lára. Ìyá náà wò mí, ó tú jákẹ́ẹ̀tì náà, ó sì fi ọ̀já gbá ọmọ náà mọ́ àyà ara rẹ̀. N kò ní ohun tí mo lè sọ fún un, nítorí pé lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ni ó fi ọmọ sí, bí ọkọ̀ bá sì dojú dé, kò sí bí ọmọ yóò ti rí afẹ́fẹ́ mí.

NIWA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀nà omi abẹ́lé, kò fi jákẹ́ẹ̀tì ṣe ohun tí ó bá wu ni. Ẹni tí ó bá gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyá ọmọ ti gbà láti gbé ọmọ náà pẹ̀lú. Mo sọ ọ́ fún ìyá àgbà tí ó ni ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo dọ̀bálẹ̀ kí i dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó sì tẹ́tí sí mi. Ó ní òun ti wá a ní Igbókòdá àti Òkìtìpupa, òun kò rí i rà, àti pé bí òun bá rí i, òun yóò ra mẹ́fà. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ti di oṣù mélòó kan, ọkọ̀ ṣì ń gbé ọmọdé lọ, ó sì ń gbé wọn bọ̀.

Ohun kejì tí n kò fara mọ́ ni ìrìn àṣálẹ́. Ní ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ tí ó kẹ́yìn máa ń kúrò ní Ayétòrò nígbà tí oòrùn ti wọ̀, nítorí pé wọ́n ń dúró de èrò kí ọkọ̀ kún. Wọn kò ní iná pupa ti apá òsì àti iná aláwọ̀ ewé ti apá ọ̀tún tí ó yẹ kí ọkọ̀ máa tàn. Tọ́ọ̀ṣì ni ọmọ ọkọ̀ ń mú dání níwájú. Àjọ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò gbà kí ọkọ̀ èrò rìn lóru rárá. N kì í wọ ọkọ̀ yẹn mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú bá mi, mo máa ń sùn lọ́dọ̀ àwọn tí mò ń bá ṣòwò, wọ́n a fi púpurú àti ọbẹ̀ ẹja tútù gbà mí lálejò, n ó sì wọ ọkọ̀ òwúrọ̀.

Àwọn ohun yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Owó wọn fi díẹ̀ lé ní ti àwọn yòókù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tàpólì tí ó ń bo èrò bí òjò bá dé, ó ti lu níbì kan ní iwájú, nítorí náà ẹ jókòó sí àárín. Ẹ̀yìn ni kì í gbá ni púpọ̀, ṣùgbọ́n ariwo àti èéfín pọ̀ níbẹ̀. Orí ọkọ̀ kò yẹ fún aboyún tàbí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìgbì ń kọ́kọ́ gbá. Ẹ di fóònù yín sínú ọ̀rá. Bí ọyẹ́ bá bo ojú omi ní òwúrọ̀, wọn kì í gbéra títí yóò fi ká, ẹ má sì bá wọn jà lórí rẹ̀.

Fún àgbàlagbà tí ó ń lọ ní ojúmọmọ, mi ò mọ ọkọ̀ tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún lọ́nà yẹn ju tiwọn lọ, pàápàá bí Kápútẹ́nì bá wà lẹ́yìn. Fún ẹni tí ó ń mú ọmọdé lọ, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí mo lọ sí Èkó ní oṣù tó kọjá, mo ra jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé méjì, ọ̀kan fún ọmọ tí kò tíì tó kílò 15, èkejì fún èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú àpò tí mo fi ń kó edé ni mo sì ń kó wọn sí. Mo máa ń wo inú ọkọ̀ yíká kí wọ́n tó tú okùn. Bí ọmọ bá wà níbẹ̀, n ó bẹ ìyá rẹ̀, n ó sì wọ̀ ọ́ fún un, bí a bá dé èbúté òdìkejì, n ó gbà á padà. Ọmọ márùn-ún ni ó ti wọ̀ wọ́n. Títí ìyá wa tí ó ni ọkọ̀ yóò fi rí mẹ́fà tirẹ̀ rà, mo ti sọ fún Kápútẹ́nì pé kí ó máa bi mí bóyá mo gbé wọn dání.